Bọ́ọ̀lù Tó Wọlé Tí Kò Jáde

Ewúrẹ́ Bàbá Lábọ̀dé ti jẹ àwọ̀n.

Kì í ṣe pé ó tọ́ ọ wò o. Ó jẹ ẹ́ tán pátápátá, ó gbé e mì, ó wá dúró lábẹ́ igi máńgòrò, ó ń wo ojú àwọn èèyàn bí ẹni tó ń retí ẹran tí wọ́n máa fi tẹ̀ lé e.

Àárín eré sì ni o!

Ọdún kejì tí Dàhòmì gba òmìnira ni. Àsíá tuntun ń fẹ́ lẹ̀lẹ̀ nínú ọgbà ilé-ìwé ní Kétu, Kétu àti Adakplamè sì ń ṣe bọ́ọ̀lù agbọ̀n, eré tí àwọn olùkọ́ kó dé láti Àjàṣẹ́, tí wọ́n ń fi ọwọ́ ju bọ́ọ̀lù sínú irin róbótó kan lókè. Irin kan wà lára òpó, irin kejì wà lára igi máńgòrò, àwọ̀n sì rọ̀ sábẹ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ní apá kìíní eré, ìdí máńgòrò ni àwọn Adakplamè ń jù sí. Wọ́n jù ú wọlé lẹ́ẹ̀mejì péré, ọ̀kọ̀ọ̀kan sì jẹ́ àmì méjì. Lẹ́ẹ̀kejì yẹn ni okùn tó ti gbó já, fààà! Àwọ̀n balẹ̀. Kí ẹnikẹ́ni tó bẹ̀rẹ̀ mú un, ewúrẹ́ ti ṣe tirẹ̀.

Mùsé Barnabé, olùkọ́ tó ń fọn fèrè fún eré náà, káwọ́ lérí. Awò ojú Mùsé Barnabé nípọn bí ìdí ìgò.

"Láìsí àwọ̀n, báwo ni mo ṣe fẹ́ mọ̀ bóyá inú irin ni bọ́ọ̀lù gbà tàbí ẹ̀gbẹ́?"

Ọ̀rọ̀ náà ò ṣeé sún di ọ̀la. Iṣu ti wà lórí iná.

Bẹ́ẹ̀ ni, iṣu! Ọgbọ̀n iṣu, nínú ìkòkò mẹ́ta. Àdéhùn ìlú méjèèjì ni pé àwọn obìnrin ìlú tó bá pàdánù ni yóò gún iyán fún ìlú tó bá borí, lójú gbogbo ayé, kí iṣu tó tutù.

Wàyí o, ẹni tí ẹnu rẹ̀ gùn jù níbẹ̀ ni Wùmí, ọmọbìnrin Kétu tó ń hun agbọ̀n. Kò pẹ́ nílé-ìwé, àmọ́ ọwọ́ rẹ̀ mọ̀wé. Láàárọ̀ ọjọ́ náà, ó gun orí odó tí wọ́n dojú rẹ̀ délẹ̀, ó kígbe pé:

"Bí Kétu bá pàdánù, kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kan ọmọ odó! Èmi nìkan ni màá gún gbogbo ẹ̀, màá sì máa kọrin yin Adakplamè bí mo bá ṣe ń gún un!"

Olórí àwọn obìnrin Adakplamè ni Victorine, àbúrò ìyá Wùmí gan-an. Ó rẹ́rìn-ín músẹ́.

"Ọmọ mi, orin ti wà nílẹ̀. Ẹsẹ̀ méje ló ní."

"Tántì, ẹ máa kọ ọ́ fúnra yín. Ọ̀fun yín ló máa gbẹ."

Ẹ̀rù ò kúkú ba Wùmí. Nígbà tí ewúrẹ́ ń jẹ àwọ̀n, Kétu ti ní méjìlá, Adakplamè ní mẹ́rin. Ó jókòó sórí gbòǹgbò, ó ń gé etí agbọ̀n kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ hun tán, agbọ̀n olójú wọ́nran-wọ̀nran tí wọ́n fi ń kó adìẹ lọ sọ́jà.

Mùsé Barnabé rí i. Ó sáré wá.

"Wùmí! Agbọ̀n yẹn! Lu ìdí ẹ̀, ká so ó mọ́ irin!"

"Kí n lu kí ni?"

"Ìdí ẹ̀!"

Ó yí padà, ó lọ wá omi mu.

Wùmí wo agbọ̀n. Agbọ̀n wo Wùmí. Láti kékeré ni bàbá rẹ̀ ti ń kì í nílọ̀ pé ahunagbọ̀n tó bá fi ọwọ́ ara rẹ̀ lu ìdí agbọ̀n, gbogbo ohun tó bá ní láyé ni yóò máa jò. Ó tún rò ó síwá sẹ́yìn. Èwo ni agbọ̀n tí kò nídìí? Ẹni tó ṣe àwọ̀n àkọ́kọ́ yẹn ló gbàgbé láti parí iṣẹ́. Ọ̀lẹ ni! Àwọn olùkọ́ kàn ń tẹ̀ lé ọ̀lẹ ni.

Ó gun èjìká Sìdíkù, ọ̀kan nínú àwọn tó ń ju bọ́ọ̀lù fún Kétu, ó so agbọ̀n mọ́ irin pẹ̀lú ìdí rẹ̀, ó fà á gìdìgìdì. Kò mì.

Mùsé Barnabé dé, ó gbójú sókè, bàìbàì ló ń rí nínú awò ojú rẹ̀.

"Ó dáa! Ó dáa gan-an!"

Fíìììì!

Ẹ̀yin èèyàn mi, apá kejì eré yẹn ò ṣeé fẹnu sọ. Kétu ló wá ń jù sí ìdí máńgòrò báyìí, àmọ́ bí ẹni pé wọ́n fi ata ra wọ́n lójú ni. Bọ́ọ̀lù àkọ́kọ́ ba ewúrẹ́ lórí, gbàù! Ewúrẹ́ ṣubú, ó dìde, ó bú gbogbo ìran Kétu. Ìkejì wọ ilé ìdáná fàdá, wọ́n gbé e jáde tòun ti ọbẹ̀ ilá. Ìkẹta gba fìlà lórí Bàbá Lábọ̀dé, ó sì gbé e dé ojú títì.

"Ẹ dá fìlà mi padà kí ẹ tó máa bá eré lọ!"

Ní ti Adakplamè, ńṣe ni wọ́n ń jù, tó ń wọlé. Mẹ́fà. Mẹ́jọ. Mẹ́wàá. Méjìlá. Wọ́n tún wá fún wọn ní ọ̀kan ọ̀fẹ́ nítorí pé ará Kétu kan di ará Adakplamè kan ní ṣòkòtò mú.

Mẹ́tàlá sí méjìlá!

Wùmí dìde dúró. Ó wo ìkòkò àkọ́kọ́. Ó wo ìkejì. Ó wo ìkẹta. Ó wo apá ara rẹ̀, ó rí i pé méjì péré ni.

Victorine ti ń fi imú kọrin lọ́ọ̀ọ́kán. Ẹsẹ̀ kìíní ni.

Ìṣẹ́jú kan ló kù. Bọ́ọ̀lù bọ́ sọ́wọ́ Sìdíkù, atúnkẹ̀kẹ́ṣe, ọmọkùnrin tó ga bí ọ̀pẹ tí kò so. Sìdíkù ò wo ẹnì kan. Ó dijú. Ó jù ú.

Gbàà, lára igi!

Kàn, lára irin!

Bọ́ọ̀lù yí po lẹ́nu irin lẹ́ẹ̀kan, lẹ́ẹ̀mejì, lẹ́ẹ̀mẹ́ta, bí adìẹ tó ń wá ibi tó máa sùn.

Pòòò!

Ó wọlé.

Gbogbo ọgbà ń retí kó já bọ́. Wọ́n retí. Wọ́n tún retí.

Fíìììì! "Pànìyé! Ó wọlé! Kétu mẹ́rìnlá, Adakplamè mẹ́tàlá! Eré parí!"

Kétu bú sáyọ̀. Wùmí fò sókè, ìró rẹ̀ fẹ́ bọ́, ó mú un, ó tún fò. Victorine rìn lọ bá Mùsé Barnabé ní ẹsẹ̀ jẹ́jẹ́, bí ẹni tó fẹ́ bèèrè iná.

"Mùsé, ẹ kú iṣẹ́ o. Bọ́ọ̀lù dà?"

"Ó wà nínú agbọ̀n."

"Ó wọlé, mo gbà. Ṣé ó ti jáde?"

"Ta ló ní kó jáde?" Sìdíkù ló dáhùn. "Tántì, bí àlejò bá wọ ilé yín tó sùn síbẹ̀, ṣé kò wọlé ni?"

"Sìdíkù, bí òkèlè bá há ọ lọ́fun, ṣé o ti jẹun?"

"Hẹ̀ẹ́n-ẹ̀n!" gbogbo Adakplamè hó yèè.

Wùmí bẹ́ sí i. "Ẹran tó kó sí tàkúté ọdẹ ńkọ́, Tántì? Ṣé ó dìgbà tó bá jáde kó tó di ti ọdẹ?"

"Ọmọ tó wà nínú ikùn ńkọ́? Ṣé wọ́n ti ń sọ ọ́ lórúkọ?"

Ẹ̀rín ń pa mí! Ọkùnrin Kétu kan ní bí òjò bá wọ ìkòkò, òjò ti rọ̀ nìyẹn. Ọkùnrin Adakplamè kan ní òun tí òun wọ ilé àna òun tí òun ò tíì rí ìyàwó mú jáde, ṣé òun ti gbéyàwó? Ni wọ́n bá dá àríyànjiyàn dúró, wọ́n kọ́kọ́ bá ìyẹn kẹ́dùn ná.

"Ó tó!" Mùsé Barnabé pariwo. "Ìwé òfin wà! Ojú ewé kọkànlá ló sọ ọ́! Mo gbé e sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìdí igi níbí…"

Ó wolẹ̀.

Gbogbo èèyàn wolẹ̀.

Ewúrẹ́ ń jẹnu wọ́mú-wọ́mú.

Èèpo ẹ̀yìn ìwé nìkan ló ṣẹ́kù. Ní gbogbo Kétu àti Adakplamè, ewúrẹ́ nìkan ló mọ òfin bọ́ọ̀lù agbọ̀n báyìí, kò sì fẹ́ sọ ọ́.

Ojú ti Bàbá Lábọ̀dé. Ó wúkọ́. Òun ló dàgbà jù níbẹ̀, òun ló sì ni ewúrẹ́, nítorí náà òun ló yẹ kó tún nǹkan ṣe.

"Ẹ gbọ́. Kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kan bọ́ọ̀lù yẹn. Bó bá já bọ́ fúnra rẹ̀ kí iṣu tó jinná, Kétu ló borí. Bí kò bá já bọ́, Adakplamè ni."

"A gbà!" ni Adakplamè wí.

"A gbà!" ni Kétu wí.

Ẹnì kan ṣoṣo ló gbójú sókè wo agbọ̀n.

Wùmí mọ ohun tó wà ní ìdí agbọ̀n yẹn. Ọwọ́ ara rẹ̀ ló hun ún, ìlọ́po méjì. Irú agbọ̀n yẹn ti gbé adìẹ mẹ́sàn-án àti tòlótòló oníbìínú kan láti Kétu dé ọjà Ìpóbẹ̀, fọ́nrán kan ò já. Gbogbo ọjọ́ ayé rẹ̀ ló ti ń gbàdúrà kí iṣẹ́ ọwọ́ òun má bàjẹ́. Ó wá dúró lábẹ́ máńgòrò báyìí, ó ń rọra sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́:

"Agbọ̀n mi, já. Jọ̀ọ́. Èmi ni mo bí ọ. Bàjẹ́ lẹ́ẹ̀kan péré, nítorí tèmi."

Agbọ̀n ò dá a lóhùn.

Afẹ́fẹ́ fẹ́. Ẹ̀ka mì. Bọ́ọ̀lù mi orí bí àgbàlagbà tó ń tòògbé.

"Yééè!"

Kò já bọ́.

Ọgọ́ta ẹnu là sílẹ̀ sójú ọ̀run. Eṣinṣin wọ ti Sìdíkù. Ó wúkọ́, ó tu ú jáde.

"Ẹ rí i?" ni Victorine wí. "Ohun tó bá wọlé gidi, ó máa ń jáde."

Nígbà náà ni ẹni tó ń dáná kígbe: "Iṣu ti jinná o!"

Adakplamè bẹ̀rẹ̀ sí í jó. Victorine gbé ọmọ odó, ó gbé e fún Wùmí pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì, bí ẹni tó ń gbé ọmọ tuntun fún ìyá rẹ̀.

"Ọmọ mi, gbà. Ẹsẹ̀ kìíní: 'Adakplamè, ìlú àwọn akọni…'"

Wùmí na ọwọ́. Ó ti la ẹnu láti kọrin, àní ó ti kọ "A…", nígbà tí Victorine gbójú sókè lẹ́ẹ̀kan sí i, tó mi orí.

"Àmọ́ agbọ̀n yìí lágbára o! Mo mọ iṣẹ́ ẹni tó hun ún. Solange tiwa ní Adakplamè ni. Ta tún ni ìbá hun irú èyí?"

Gbì! Ọmọ odó balẹ̀.

"Solange kẹ̀?! Solange tí agbọ̀n ẹ̀ ń tú kó tó dé ọjà? Solange tó hun agbọ̀n, tí àkùkọ yọ orí níbẹ̀, yọ ẹsẹ̀, tó tún gbé agbọ̀n náà wọ̀ bí ẹ̀wù? Èmi ni mo hun ún! Èmi Wùmí! Èmi ni mo so ó! Mùsé ní kí n lu ìdí ẹ̀, mo ní láéláé, mi ò lu ìdí agbọ̀n mi fún ẹnikẹ́ni! Ìdí onílọ̀ọ́po méjì ni! Ẹ gbé màlúù sí i, kò ní já!"

Gbogbo ojú yí sí Wùmí.

Mùsé Barnabé bọ́ awò ojú rẹ̀, ó nù ún, ó wọ̀ ọ́ padà.

"Agbọ̀n yẹn… nídìí?"

"Ìdí gidi!"

"Kí ló dé tí o ò sọ, Wùmí?" Bàbá Lábọ̀dé béèrè.

"Bàbá, ẹ ò bi mí."

Háà! Ilé dàrú!

"Kò lè jáde tẹ́lẹ̀!" Kétu pariwo. "A borí!"

"Agbọ̀n adìẹ ni!" Adakplamè pariwo. "Ẹ ò ju nǹkan kan!"

"Tó bá jẹ́ agbọ̀n adìẹ, apá kejì eré ò sí! Méjìlá sí mẹ́rin!"

"Ọmọ yín ló so ó!"

"Ọmọ yín náà ni! Ṣebí ọmọ Adakplamè ni ìyá ẹ̀?"

Ọ̀rọ̀ di ti ìyá, ó di ti ìyá ìyá. Wọ́n jà á títí oòrùn fi bẹ̀rẹ̀ sí í rọ̀. Ewúrẹ́ nìkan ló kọ́kọ́ gbé imú sókè.

Òórùn kan ń bọ̀.

"Iṣu!" Victorine ló kígbe.

Gbogbo wọn sáré débẹ̀. Ọgbọ̀n iṣu ti yọ́. Victorine ti ọmọ odó bọ inú ìkòkò àkọ́kọ́, ó fi ọwọ́ sílẹ̀, ọmọ odó dúró lóòró fúnra rẹ̀ bí òpó nínú ẹrẹ̀, ó wá rọra tẹ̀, ó sùn.

"Èyí ò ṣeé gún mọ́," ó wí.

"Kò ṣeé gún," Wùmí gbà, kíá! Ojú rẹ̀ sì ti ń tàn.

Wọ́n da epo sí i, wọ́n da ata sí i, wọ́n wá ẹja gbígbẹ. Wọ́n jẹ àṣáró títí ikùn fi le koko, Kétu àti Adakplamè nídìí ìkòkò kan náà. Wọ́n fi òkèlè ẹnu dá ara wọn lóhùn: "Ó wọlé." "Kò jáde." "Ó wọlé." "Kò jáde." Kí wọ́n tó pínyà, Victorine fa Wùmí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

"Hun mẹ́ta fún mi. Onílọ̀ọ́po méjì. Má sọ fún Solange."

Mùsé Barnabé kọ lẹ́tà sí àwọn ọ̀gá eré ní Àjàṣẹ́ kí wọ́n bá wọn dá ẹjọ́ náà, ó sì ní kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kan ẹ̀rí.

Oṣù mẹ́rin rèé. Bọ́ọ̀lù kan ṣoṣo tí Kétu ní ṣì wà nínú agbọ̀n. Adìẹ Bàbá Lábọ̀dé kan tó máa ń sùn lórí máńgòrò ti yé ẹyin márùn-ún tì í, ó ń sàba lórí mẹ́fẹ̀ẹ̀fà. Agbọ̀n ò já. Èsì lẹ́tà dé láti Àjàṣẹ́ lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun tó kọjá.

Ewúrẹ́ ti jẹ ẹ́.