Bí Mo Ṣe Ka Ọjọ́ Kẹjọ Kọjá

Bí mo bá gbàgbé ohun gbogbo, mi ò lè gbàgbé ọjọ́ Ẹtì kan ní Ọ̀wọ̀. Èmi ni mo kọ ìkànnì tí ilé ìtọ́jú ojú kan níbẹ̀ fi ń fún àwọn aláìsàn ní ọjọ́ tí wọ́n á padà wá. Ọjọ́bọ̀ nìkan ni dókítà máa ń wá. Ẹni tó bá ṣiṣẹ́ abẹ fún, á ní kó padà wá ṣí báńdéèjì ojú rẹ̀ lọ́jọ́ kẹjọ òní, ìyẹn Ọjọ́bọ̀ tó ń bọ̀, torí a máa ń ka òní mọ́ ọn.

Kò sẹ́ni tó bẹ̀ mí o, mo gbé irinṣẹ́ tí mo fi kọ ìkànnì náà lọ sí ẹ̀dà tuntun. Mo ní kí kọ̀ǹpútà ṣe àwọn ìdánwò tí mo fi ń mọ̀ bóyá nǹkan ti bàjẹ́. Pupa, àmì ìkùnà, ló jáde látòkè délẹ̀. Mo tún un ṣe títí ó fi ku ẹyọ kan: dípò Ọjọ́bọ̀, Ọjọ́rú ló ń gbé jáde.

Mo wo kóòdù, ọjọ́ méje ló ń fi kún òní. Méje kẹ̀? Ṣebí ọjọ́ kẹjọ ni dókítà wí! Mo fi mẹ́jọ rọ́pò rẹ̀, ìdánwò yege, mo pàtẹ́wọ́ fún ara mi. Èmi náà ni mo kọ méje yẹn o, nígbà tí orí mi ṣì pé.

Àṣé ẹ̀dà tuntun ló ń fi aago òyìnbó ka ọjọ́ lórí láàpútọ́ọ̀pù mi: bí ọjọ́ tuntun bá bẹ̀rẹ̀ lóru níhìn-ín, àná ló ṣì jẹ́ lọ́hùn-ún, ìyẹn ló ń dín ọjọ́ kan kù. Kọ̀ǹpútà ilé ìtọ́jú ní aago Nàìjíríà tirẹ̀, kò dín nǹkan kan, torí náà ọjọ́ Ẹtì ni mẹ́jọ mi ń gbé jáde níbẹ̀.

Lọ́jọ́ Ẹtì ọ̀sẹ̀ kejì, mátírọ́ọ̀nù pè mí. “Ẹ máa bọ̀ o! Àwọn tí dókítà ń retí lánàá, òní ni wọ́n ń dé.”

Níbẹ̀ ni mo ti bá bàbá kan tó gun ọ̀kadà wá láti Okeluse, báńdéèjì lójú rẹ̀ kan, èkejì ò sì ríran dáadáa. Òun ló máa ń ka ẹ̀kọ́ Bíbélì ní ṣọ́ọ̀ṣì wọn kí ojú tó dùn ún. “Ọdún méjì ni mo ti ń retí Sọ́ńdè ọ̀tunla yìí,” ló wí. “Wọ́n ti kọ orúkọ mi sílẹ̀ láti ka ẹ̀kọ́.”

Àánú rẹ̀ ṣe mí, ojú sì tì mí. “Ẹ jọ̀ọ́, Bàbá, èmi ni mo ṣì í kà.”

“O kàwé, o ò lè ka ọjọ́ kẹjọ? Ó dáa, ìwọ lo máa ka ẹ̀kọ́ náà fún mi.”

Bí mo ṣe dé iwájú ìjọ ní Okeluse nìyẹn. Bàbá jókòó níwájú, ó mọ gbogbo rẹ̀ sórí. Bí mo bá ti ṣì í, á ní, “Padà síbẹ̀.” Ìgbà kẹta, gbogbo ṣọ́ọ̀ṣì bú sẹ́rìn-ín.

Láti ìgbà náà, bí ìdánwò bá kùnà, mo máa ń wádìí ìdí rẹ̀ kí n tó fọwọ́ kan nọ́ńbà kankan.

Ọjọ́bọ̀ tó tẹ̀ lé e, wọ́n ṣí ojú Bàbá. Ó wò mí láti orí dé ẹsẹ̀, ó yíjú sí mátírọ́ọ̀nù: “Ẹni tẹ́ ẹ fi iṣẹ́ yẹn lé lọ́wọ́ rèé?” Mo bá a rẹ́rìn-ín.