Ọjọ́ tí Gàníyù Gbé Ife Jáde

Ẹ bá mi kí Gàníyù ará Ìkàrẹ́, ọkùnrin tí ẹnu rẹ̀ gbá bọ́ọ̀lù ju ẹsẹ̀ rẹ̀ lọ. Bí ẹ bá kí i pé ẹ káàárọ̀, yóò ní, "Èmi tí mo gbá bọ́ọ̀lù wọlé Ọ̀kà!" Àwọn tó gbá bọ́ọ̀lù fún Ìkàrẹ́ láyé ọjọ́un ti tú ká sẹ́yìn odi. Ta ni yóò já a nírọ́?

Ìdíje kan wà láàárín àwọn ìlú Àkókó nígbà náà. Ife kan ṣoṣo ni wọ́n ń dù. Ìlú tó bá gbà á yóò dá a padà kí ìdíje ọdún kejì tó bẹ̀rẹ̀. Ìkàrẹ́ gbà á lọ́wọ́ Ọ̀kà, ṣùgbọ́n nígbà tó yẹ ká dá a padà, a wá ife tì. Ọ̀kà ní a jí i. Àwa náà ní àwọn gan-an ló wá jí i. Ìjà dé, ìdíje kú. Títí dòní, "olè ife" ni ará Ọ̀kà fi ń bú wa, ó sì máa ń dùn mí wọra.

Lọ́dún yìí, àwọn ọ̀dọ́ ìlú méjèèjì fẹ́ dá ìdíje náà padà, wọ́n ń wá alága kòmítì. Gàníyù ní bí kò bá ṣe òun, ta ni? Ó ti rán agbádá alága sílẹ̀. Ó pe gbogbo wa sílé rẹ̀, t'Ìkàrẹ́ t'Ọ̀kà, ó to mínírà kalẹ̀.

Tíṣà Ilésanmí, ará Ìwàrò-Ọ̀kà, wò ó títí.

"Gàníyù, èmi ni aṣọ́lé Ọ̀kà lọ́jọ́ náà. N kò rántí ojú ẹ."

"Báwo lẹ ó ṣe rántí, sà? Òòyì ti kọ́ yín!"

"Ẹ̀rí ẹ dà?"

Àwọn ọ̀dọ́ bú sẹ́rìn-ín. Inú bí Gàníyù.

"Ẹ̀rí kẹ̀? Àsàmáù! Gbé ife mi wá!"

Ìyàwó rẹ̀ yọjú láti ẹ̀yìnkùlé, ó ń ṣẹ́jú sí i, ó ń mi orí. "Bàbá Awwal, kò sí ife kankan nílé wa o."

"Irọ́ ni! Ó wà nídìí àgò adìyẹ!"

Àsàmáù gbé e wá. Etí ife náà kan ti ká, omi adìyẹ ṣì wà nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n orúkọ ìdíje hàn gbangba lára rẹ̀.

Wọ́n ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ yóò bá a. Ti Gàníyù kò tiẹ̀ dúró kí òtítọ́ lé e bá. Ó yí padà lọ pàdé rẹ̀ lọ́nà.

"Áà! Ìwọ lolè ife!" ni Tíṣà wí.

Ohun tí a ti ń búra lé lórí látọjọ́ yìí! Ta ló kọ́kọ́ fa agbádá rẹ̀ ya? Èmi ni.

Gàníyù dọ̀bálẹ̀ gbalaja. "N kò jí i! Wọ́n ní kí n fọ̀ ọ́ ni. Mo fọ̀ ọ́ tán, ó wá wù mí!"

"Ta ló máa ní kí agbábọ́ọ̀lù fọ ife?" ni Tíṣà bi í.

"N kò gbá bọ́ọ̀lù rí láyé mi! Omi ni mo ń gbé fún wọn!"

Tíṣà da omi adìyẹ nù, ó fi ife há abíyá. "Ó dáa. A ó bẹ̀rẹ̀ ìdíje lóṣù tó ń bọ̀. Ṣé o ṣì lè gbé omi?"

Àsàmáù ló dáhùn.

"Ẹ má wulẹ̀ bi í, sà. Èmi ni mò ń pọn tilé."