Bí Sùnmọ́nù Ọmọ Apẹkùn Ṣe Ṣẹ́gun Ìdákẹ́jẹ́ Orí Fóònù

Ẹ dìde, ẹ̀yin tí ẹ jókòó! Ẹ̀yin tí ẹ ń jẹun, ẹ dá òkèlè dúró lẹ́nu ọ̀nà ọ̀fun, nítorí pé orúkọ tí mo fẹ́ dá yìí kì í ṣe orúkọ tí à ń fi ẹnu tó kún dá. Sùnmọ́nù Àlàó ni mo ń wí, ọmọ Bùráímọ̀ tó gbé ọlọ méjì lórí kan ṣoṣo, ọmọ-ọmọ Láníyan tó fi ìbínú wo òjò títí òjò fi yà sí ìlú kejì, àrọ́mọdọ́mọ Apẹkùn fúnra rẹ̀, akọni tó fi ọwọ́ lásán pa ẹkùn lábẹ́ igi ìrókò tí wọ́n tẹ ìlú Àgó-Ìrókò dó sí. Ẹkùn ọ̀hún, gẹ́gẹ́ bí àwọn baba ti sọ ọ́, tóbi tó abà. Apẹkùn kò mú idà, kò mú ọfà, kò mú igi dání. Ó ká apá aṣọ sókè, ó fún ẹran náà ní àbàrá, ọ̀rọ̀ tán.

Inú irú ẹ̀jẹ̀ bẹ́ẹ̀ ni Sùnmọ́nù ti jáde. Ẹ má fojú kéré rẹ̀ nítorí pé maṣíìnì ìránṣọ ló ń tún ṣe nínú ìsọ̀ páánù kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ gáréèjì. Ẹni tí kò mọ̀ ọ́n lè rò pé ọkùnrin kúkúrú onírùngbọ̀n kan lòun ń rí. Àmọ́ abẹ́rẹ́ tó kán mọ̀ ọ́n. Bẹ́líìtì tó já ń gbọ́ orúkọ rẹ̀, ó ń wá bí yóò ṣe so ara rẹ̀ pọ̀. Maṣíìnì tó ti gbàgbé bí wọ́n ṣe ń ránṣọ, bí Sùnmọ́nù bá ti kán òróró sí i létí, yóò bẹ̀rẹ̀ sí í rojọ́ bí ìyá ọkọ. Síbẹ̀, eré ọmọdé ni gbogbo ìyẹn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ogun tí mo fẹ́ ròyìn rẹ̀.

Ogun náà kò fi ẹ̀rín bẹ̀rẹ̀. Ní èṣí, Ìyá Ráímì, àbúrò bàbá Sùnmọ́nù, jáde láyé. Ráímì, ọmọ kan ṣoṣo tí obìnrin náà bí, wà ní Àbíjàn níbi tó ti ń ṣòwò. A sin ìyá, a ṣe fídáù, a jẹ, a mu, a fọ abọ́, kí ẹnìkan tó bi ẹnìkejì pé, "Ta ló pe Ráímì?" Olúkúlùkù ti rò pé ẹlòmíì ti pè é. Nígbà tí Ráímì gbọ́, kò bú ẹnikẹ́ni. Ó kàn pa fóònù, kò sì bá ará ilé sọ̀rọ̀ mọ́. Ó dun Sùnmọ́nù dé egungun, nítorí orí ẹní kan náà ni òun àti Ráímì sùn dàgbà. Ó wá búra pé irú rẹ̀ kò ní í ṣẹlẹ̀ mọ́ nílé Apẹkùn níwọ̀n ìgbà tí òun bá ṣì lè ra dátà.

Báyìí ni akọni ṣe dá gúrúùpù Wáásáàpù sílẹ̀, tó sọ ọ́ ní Ọmọ Apẹkùn Lágbàáyé, tó sì fi ara rẹ̀ jẹ ádímìn, oyè tí ẹnikẹ́ni kò jẹ rí nínú agbolé náà láti ìgbà ìwáṣẹ̀. Ó kó ọmọ Apẹkùn jọ láti Ìbàdàn, láti Jọ́ọ̀sì, láti Kùtọ̀nù, àti láti ìlú òyìnbó níbi tí yìnyín ti ń bọ́. Ó kó ọmọ ilé, ó kó ìyàwó ilé. Ó wá nọ́ńbà Ráímì títí ó fi rí i, ó fà á wọlé, Ráímì kò sì jáde. Ẹ gbọ́ mi dáadáa: kò jáde. Inú Sùnmọ́nù dùn lọ́jọ́ náà débi pé kò lè jẹun.

Ṣùgbọ́n wọ́n wọlé tán, wọ́n dákẹ́. Hà! Irú ìdákẹ́jẹ́ wo nìyí? Itẹ́ òkú pàápàá ṣì ń gbọ́ ìró alángbá. Sùnmọ́nù yóò kí wọn kú àárọ̀, àmì búlúù ni yóò rí, tó fi hàn pé wọ́n ti kà á. Yóò fi àwòrán òdòdó ránṣẹ́ pẹ̀lú àdúrà Jímọ̀, àmì búlúù náà ni. Ó bi wọ́n pé ṣé àlàáfíà ni wọ́n wà, wọ́n ka ìbéèrè náà, wọ́n sì fi àlàáfíà wọn sápò. Ṣìjúadé ìyàwó rẹ̀, tó jókòó sórí àga kejì nínú pálọ̀ kan náà, yóò ka "Ẹ káàárọ̀, ẹ̀yin ará ilé" lórí fóònù tirẹ̀, yóò gbójú sókè, yóò fi ẹnu lásán sọ pé, "Ẹ káàárọ̀, Bàbá Mojí," yóò sì máa já ẹ̀fọ́ rẹ̀ lọ.

Baálé Látúnjí, olórí agbolé, wá pàṣẹ pé bí ìpàdé ọjọ́ Àìkú bá dé tí ohùn kankan kò tíì jáde nínú gúrúùpù náà, kí Sùnmọ́nù tì í pa, nítorí pé ilé tí èèyàn kì í ti í fọhùn, iwin ló ń gbé ibẹ̀. Àyà Sùnmọ́nù já. Kì í ṣe tìtorí oyè ádímìn tí yóò bọ́ lórí rẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìyẹn náà dùn ún díẹ̀. Bí ilẹ̀kùn yẹn bá tì pẹ́nrẹ́n, okùn kan ṣoṣo tó kù láàárín ilé àti Ráímì ti já nìyẹn.

Ó gbé ogun dìde. Ó kọ́kọ́ dojú kọ àwọn ọmọ Apẹkùn, ó ń pè wọ́n lórí fóònù lọ́kọ̀ọ̀kan. Ohun kan náà ni gbogbo wọn ń sọ: nínú ìpàdé ilé Apẹkùn, ta ló ń fọhùn nígbà tí Baálé kò tíì ṣe àdúrà ìbẹ̀rẹ̀? "Ẹ̀gbọ́n, ṣé ẹ fẹ́ kí wọ́n sọ pé wọn ò kọ́ mi nílé ni?" ni ọ̀kan nínú wọn ní Ìbàdàn wí. Akọni bá yí ẹṣin rẹ̀ padà (kẹ̀kẹ́ rẹ̀ ni mo pè bẹ́ẹ̀), ó di iwájú Baálé, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja.

Fóònù Baálé wà lórí itan rẹ̀. "Mo ti ń wò yín láti ọjọ́ yìí," ó ní. "Ta ló dọ̀bálẹ̀ fún mi níbẹ̀? Ìwọ ń kí 'ẹ̀yin ará ilé', o kó èmi àti ọmọ-ọmọ mi pọ̀ sínú agbọ̀n kan náà. Ṣé èmi ni kí n wá kọ́kọ́ kí ọmọdé?"

"Ẹ má bínú, Bàbá. Wọ́n ní àdúrà yín ni àwọn ń retí."

"Kí wọ́n máa retí. Ta ni mo fẹ́ ṣàdúrà fún, ẹni tí kò kí mi?"

Ẹ wo ìjàngbọ̀n! Ọmọdé ń retí àdúrà àgbà, àgbà ń retí ìkíni ọmọdé, gbogbo wọn sì ń ra dátà láti fi wo ara wọn láìsọ̀rọ̀. Ẹni bá dákẹ́, tara ẹ̀ á bá a dákẹ́, àmọ́ ti ilé Apẹkùn ti kọjá tara ẹnìkan. Odindi ìran ló panu mọ́.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, tí ìpàdé ku ọ̀la, ni ọgbọ́n dé, ẹnu obìnrin tó ń bínú ló sì gbà wọlé. Télọ̀ kan wá gbé maṣíìnì rẹ̀, kò tíì ṣe tán, obìnrin náà bá fajú ro. Kò dáhùn ìkíni, kò gba àga, kò gba omi. Sùnmọ́nù, tí ọkàn rẹ̀ ti lọ sí Àbíjàn, ṣèèṣì fi oríkì ẹlòmíràn bẹ̀ ẹ́. "Àbẹ̀kẹ́, jọ̀ọ́, má bínú."

Obìnrin náà fò sókè. "Ta ló ń jẹ́ Àbẹ̀kẹ́? Àṣàbí lèmi! Àṣàbí ni ìyá mi ń pè mí, Àṣàbí ni gbogbo ayé ń pè mí!" Kò sì dákẹ́ mọ́ títí maṣíìnì fi ṣe tán.

Nígbà náà ni ojú akọni là. Ọmọ Yorùbá lè fara da ebi, ó lè fara da ìyà, ó tilẹ̀ lè fara da àna tó ń ṣe yànga. Ṣùgbọ́n kò sí èyí tí yóò gbọ́ kí wọ́n ṣi oríkì rẹ̀ kì tí yóò dákẹ́.

Ó jókòó sórí àpótí. Ó nu ọwọ́ sí ṣòkòtò. Ìka kan ṣoṣo, ìka tó ti tẹ àìmọye maṣíìnì lórí ba, ni akọni fi tẹ ọ̀rọ̀ yìí sínú gúrúùpù: "Ẹ jẹ́ ká dúpẹ́ lórí baba ńlá wa, Apẹkùn, tó rí ẹkùn lọ́sàn-án gangan, tó ju bàtà sílẹ̀, tó sì sá gun orí ìrókò lọ." Ó dijú. Ó fi ránṣẹ́.

Kò pẹ́ rárá. Fóònù náà gbọ̀n, ó gbọ̀n, ó gbọ̀n ara rẹ̀ ṣubú sílẹ̀ láti orí maṣíìnì. Ẹni tó kọ́kọ́ fọhùn, ẹ di àyà yín mú, Ráímì ni. "Irọ́ ni! Sùnmọ́nù, orí ẹsẹ̀ ìyá mi ni mo ti gbọ́ oríkì yẹn. Ọwọ́ lásán ni baba wa fi pa ẹkùn. Má jẹ́ kí n gbọ́ irú ẹ̀ lẹ́nu ẹ mọ́!" Sùnmọ́nù ka "ìyá mi", ó tún un kà, omi sì bọ́ lójú rẹ̀ sórí fóònù. Kò tíì nù ún tán tí gbogbo ayé fi dé. Ìbàdàn bú u. Jọ́ọ̀sì bi í bóyá ó ti mu nǹkan. Ìlú òyìnbó kọ̀wé gígùn tí ẹnikẹ́ni kò kà parí. Ẹnìkan ní Kùtọ̀nù bèèrè pé ta ló lè gun ìrókò láyé yìí, ẹlòmíì sì dá a lóhùn pé bí ẹkùn bá wà lẹ́yìn ẹni, ọ̀pá iná pàápàá ṣe é gùn. Àwọn tó ń retí àdúrà gbàgbé àdúrà.

Àárín ariwo yìí ni ohùn Baálé Látúnjí, tó gbà sórí fóònù, wọlé. Bàbá náà rò pé etí Sùnmọ́nù nìkan lòún ń sọ̀rọ̀ sí. Kò mọ̀ pé gbangba ojú agbo lòún wà.

"Sùnmọ́nù," ó ń sọ ọ́ wúyẹ́wúyẹ́, "ta ló sọ fún ọ? Ẹni tó bá jẹ Baálé nìkan ni wọ́n máa ń sọ ọ́ fún. Òótọ́ ni, ó gun igi. Ìyàwó rẹ̀ ló fi ọmọ odó pa ẹkùn. Jọ̀wọ́, má jẹ́ kí àwọn obìnrin gbọ́."

Gúrúùpù tún pa lọ́lọ́. Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ. Lẹ́yìn náà ni àwọn ìyàwó ilé dé, àwọn tí ẹnikẹ́ni kò rí ọ̀rọ̀ wọn níbẹ̀ rí. Ìyàwó kan ní Jọ́ọ̀sì ló ṣáájú: "Bàbá, ẹ fọkàn balẹ̀, ọjọ́ tí mo wọlé ni ìyá ọkọ mi ti sọ fún mi." Èkejì ní òun náà mọ̀. Ẹ̀kẹta ní òun ti fọwọ́ kan ọmọ odó ọ̀hún. Ó wá hàn pé kò sí ìyàwó kan tó wọ ilé Apẹkùn tí wọn kò sọ ọ́ fún, tí wọn kò sì kìlọ̀ fún pé kó má sọ fún àwọn ọkùnrin, kí ọkàn wọn má baà rẹ̀wẹ̀sì.

Ráímì ló tún kọ̀wé. "Ẹ káàsán, Bàbá. Mo dọ̀bálẹ̀ o."

Bó ṣe di pé wọ́n ń kí Baálé nìyẹn, Kùtọ̀nù dọ̀bálẹ̀, Jọ́ọ̀sì kúnlẹ̀, ìlú òyìnbó dojú bolẹ̀ nínú òtútù. Baálé wúkọ́. Ó ṣàdúrà, ó sì gùn. Nígbà tó dé òpin rẹ̀, ohùn rẹ̀ rọ̀. "Ráímì, a ṣẹ̀ ọ́. Máa bọ̀ wá wo ibi tí ìyá rẹ sùn sí."

"Àmín, Bàbá. Mo ń bọ̀."

Nítorí náà, kí akéde jáde! Kó kéde rẹ̀ ní gáréèjì, kó kéde rẹ̀ níbi tí wọ́n ti ń ta dátà, pé láti òní lọ, Sùnmọ́nù Àlàó ti di Aṣẹ́gun Ìdákẹ́jẹ́, ádímìn tí àmì búlúù ń sá fún, ọmọ akin tó mọ ìgbà tó yẹ ká gungi. Ẹ̀yin tí ẹ wà nínú gúrúùpù ilé yín, tí ẹ ń kà láìfọhùn, mo rí yín. Ẹ yáa kíni lónìí, kí ádímìn yín tó ṣi baba yín kì.

Sùnmọ́nù fúnra rẹ̀ ti gbé fóònù, ó fẹ́ tẹ oyè tuntun náà síbẹ̀ kí gbogbo ayé rí i, nígbà tí ọ̀rọ̀ kan já wọlé láti orí nọ́ńbà tí kò sọ̀rọ̀ rí láti ọjọ́ tí a ti dá gúrúùpù náà sílẹ̀. Ṣìjúadé ni.

"Bàbá Mojí, a ti pa ẹkùn náà. Ẹ sọ̀ kalẹ̀ kí ẹ wá jẹun."