Aṣojú Àwọn Ará Bàmúdà ní Peckham

Ẹ bá mi ṣí fìlà fún Ọ̀mọ̀wé Kóyọ̀dé kí n tó bẹ̀rẹ̀. Ẹni tí kò bá dé fìlà, kó tẹ orí ba díẹ̀. Bí ó bá gbọ́ pé ẹ kò ṣe bẹ́ẹ̀, ọ̀rọ̀ yóò pọ̀, n kò sì sí níbẹ̀.

Kóyọ̀dé, ọkọ Moyinolúwa. Kóyọ̀dé, agbẹnusọ tí ẹnikẹ́ni kò bẹ̀ níṣẹ́. Ọ̀gá tí í jókòó síwájú kí wọ́n tó gbé àga dé. Ní gbogbo Peckham ní London, kò sí ẹni tó mọ ilé ìwé tó ti gba oyè ọ̀mọ̀wé, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí kò tíì gbọ́ pé ó gbà á. Orí ímeèlì ni ìwé ẹ̀rí náà gbà wọlé lọ́jọ́ Satide kan. Kí ilẹ̀ ọjọ́ Àìkú tó mọ́, ó ti wà nínú férémù, férémù náà sì tóbi ju fèrèsé pálọ̀ lọ.

Ohun kan ṣoṣo ló wà tí Ọ̀mọ̀wé fẹ́ràn ju gírámà lọ. Ìkíni ni. Bí o bá jẹ́ ọkùnrin, tí o sì kéré sí i, dọ̀bálẹ̀. Bí o kò bá lè dọ̀bálẹ̀ lójú títì, kí o sáà ṣe bí ẹni pé nǹkan jábọ́ lọ́wọ́ rẹ. Ó ti bọ́ sílẹ̀ nínú bọ́ọ̀sì rí nítorí pé awakọ̀ pè é ní "mate". Nínú òjò ló fẹsẹ̀ rìn délé.

"Mate ta ni?" ló ń wí fún òjò. "Ṣé ọjọ́ kan náà ni wọ́n bí èmi àti ẹ̀ ni?"

Gbọ̀ngàn kan wà ní Old Kent Road tí wọ́n ń pè ní Shiloh. Ilé ìkẹ́rùsí ni tẹ́lẹ̀. Ṣọ́ọ̀ṣì kan gbà á, ṣọ́ọ̀ṣì náà gbilẹ̀, ó kó lọ, ó fi orúkọ sílẹ̀ lára ilẹ̀kùn. Káńsù ló ni ín báyìí. Àwọn obìnrin tó ń sọ èdè Sípéènì, àwọn ará Kòlóńbíà àti Ecuador àti Bòlífíà, ni wọ́n ń lò ó. Wọn a máa jáde nílé kí àkùkọ tó kọ, bí ẹ bá rí àkùkọ ní Old Kent Road, wọn a lọ nu ọ́fíìsì àwọn olówó. Shiloh ni wọ́n ń fi ọmọ wọn sí pẹ̀lú àwọn tó kù nílé. Ibẹ̀ náà ni wọ́n ti ń kọ́ Gẹ̀ẹ́sì lọ́jọ́ Satide. Marleny, ará Kòlóńbíà tó ti ní ìsọ̀ oúnjẹ ní àdúgbò Elephant kí wọ́n tó wó ọjà àtijọ́ ibẹ̀, ni olórí wọn.

Káńsù wá kéde pé àwọn yóò fún ẹgbẹ́ kan ní kọ́kọ́rọ́ Shiloh pátápátá. Ẹgbẹ́ tí ìyà ń jẹ jù ni. Kí kálukú wá rò ó lójú gbogbo ayé.

Marleny kò sùn. Bí kọ́kọ́rọ́ yẹn bá bọ́ sọ́wọ́ ẹlòmíràn, ìyá ọmọ ní láti yan ọ̀kan: iṣẹ́ tàbí ọmọ.

Kóyọ̀dé náà kò sùn. Ó ti rí gbọ̀ngàn ńlá, ó ti rí àwòrán ara rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, ó ti rí àwọn tó fẹ́ ṣe ìgbéyàwó tí wọ́n ń bẹ̀ ẹ́ kó jọ̀wọ́ yá àwọn ní ilé. Ìṣòro kan ló wà. Ta ni yóò gbà pé àwa ọmọ Nàìjíríà kò ní gbọ̀ngàn ní Old Kent Road? Bí o bá ju òkúta níbẹ̀, orí ilé ìpàdé wa ni yóò bọ́ sí. Ọ̀mọ̀wé ní láti wá ẹ̀yà tí kò tíì ní agbẹnusọ.

Ó lọ gẹrun. Àwòrán ayé wà lára ògiri onígbàjámọ̀. Ìka rẹ̀ rìn láti ibí títí dé àárín òkun, ó bá ààmì kékeré kan tó dà bí ìdọ̀tí eṣinṣin.

"Bàmúdà!" ló wí. "Ǹjẹ́ o mọ ará Bàmúdà kankan ní Peckham yìí?"

"N ò rí irú ẹ̀ rí, Ọ̀mọ̀wé."

"Ó parí. Ẹni tí kò sí níbẹ̀, kò lè sọ pé òun kò rán mi."

Bí ìwádìí ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Kó tó délé ló ti sọ iṣẹ́ náà lórúkọ: *Ìfiwéra Ìgbé Ayé àti Ọrọ̀ Ajé Àwọn Hispanic àti Àwọn Ará Bàmúdà: Ìpè Pàjáwìrì.* Àwọn èèyàn Marleny ló ń pè ní Hispanic. Orúkọ iṣẹ́ náà ni ó kọ́kọ́ kọ. Nígbà tó kọ ọ́ tán, ó sinmi.

Ó ku ará Bàmúdà kan. Ọ̀mọ̀wé wo ilé, ó rí Jabez.

Jabez ni àbúrò Moyinolúwa, géńdé ọkùnrin tó ń ṣe sẹ́kúríìtì ní ṣọ́ọ̀bù ńlá kan. Kennington, ìtòsí Peckham, ni wọ́n bí i sí. Ọmọ dáadáa ni, ṣùgbọ́n ọlọ́wọ́ òsì ni láti kékeré. Ìyá wọn nà án sí i títí. Ó rẹ ìyá, kò rẹ ọwọ́.

"Jabez, láti òní lọ, ìwọ ni Alága Ẹgbẹ́ Àwọn Ará Bàmúdà."

"Brother, níbo tiẹ̀ ni Bermuda wà?"

"Ará ibẹ̀ ni ẹ́. Kò yẹ kó o máa bèèrè."

"Okay. Tí mo bá dé orí stage, ṣé kí n dọ̀bálẹ̀ fún yín?"

"Láéláé! Alága ni ẹ́, ẹgbẹ́ ni wá. Má dọ̀bálẹ̀, má pè mí ní Brother. Kóyọ̀dé gbáà ni kó o pè mí."

Jabez wo ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin. Moyinolúwa wo àjà ilé.

"Brother, ẹ ò ní bínú? Ẹ promise?"

"Èmi? Ọ̀mọ̀wé ni mí. Mo ti kọjá ìyẹn."

Nǹkan kan dún bí ọmọrí ìkòkò ní kíṣìnì. Ẹ̀rín Moyinolúwa ni. "Ọkọ mi," ló wí, "ẹni tí 'mate' lé bọ́ sínú òjò. Ẹ fi eré yìí sílẹ̀."

"Obìnrin yìí, ìwádìí là ń ṣe, kì í ṣe eré."

Ó wá mú irú aṣọ tó rí lórí fóònù jáde, tó ní bí ará Bàmúdà ṣe ń wọṣọ nìyẹn: kóòtù dúdú, táì, ìbọ̀sẹ̀ gígùn, àti ṣòkòtò pupa ràkọ̀ràkọ̀ tó dúró sókè orúnkún. Oṣù Èrèlé ni o. Yìnyín wà lórí mọ́tò níta.

Ọjọ́ pé. Shiloh kún. Ọ̀gbẹ́ni Vincent tí káńsù rán wá jókòó síwájú pẹ̀lú báírò rẹ̀. Marleny àti àwọn obìnrin rẹ̀ wà lápá kan, Mìsítúrà aránṣọ Rye Lane sì jókòó tì wọ́n. Ọ̀rẹ́ Marleny ni. Gẹ̀ẹ́sì àwọn méjèèjì kò tó, bẹ́ẹ̀ ni òfófó wọn kò tán rí.

Ọ̀mọ̀wé gorí pèpéle. Ó wúkọ́ títí ilé fi pa lọ́lọ́.

"Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ lọ́dọ̀ àwọn Hispanic," ló fi Gẹ̀ẹ́sì wí. "Ṣé ẹ gbọ́ orin wọn? Ebi kì í jẹ́ kéèyàn ju ìdí báyẹn. Ẹ wo oúnjẹ wọn. Inú ìyẹ̀fun ni wọ́n ń fi ẹran pamọ́ sí. Ẹni tó bá ń fi ẹran pamọ́, ẹran ti pọ̀ lọ́wọ́ ẹ̀."

"Meat pie ń kọ́?" Mìsítúrà ké láti ẹ̀yìn. "Ṣé olówó ni gbogbo wa?"

"Madam, ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀kọ́ ń lọ lọ́wọ́. Kókó mi kejì: ìwádìí fi hàn pé àwọn èèyàn wọ̀nyí ló ní kọ́kọ́rọ́ báńkì London. Kí ọ̀gá báńkì tó dé láàárọ̀, wọ́n ti wà nínú ọ́fíìsì ẹ̀!"

Marleny dìde. "Òótọ́ ni," ló wí. "A máa ń wà níbẹ̀. Tàwa ti garawa. Tó bá ń wọlé, àwa ń jáde. Kò mọ orúkọ wa."

Àwọn kan rẹ́rìn-ín. Àwọn obìnrin Marleny kò rẹ́rìn-ín.

Ọ̀mọ̀wé kò gbọ́. Omijé ti dé sójú rẹ̀, ó sì fẹ́ lò ó kó tó gbẹ.

"Ṣùgbọ́n àwọn ará Bàmúdà! Ẹ bá mi sunkún. Ìyà ń jẹ wọ́n ní Peckham yìí, wọn ò kàn sọ ni. Ẹ wo Alága wọn. Ẹ wo ṣòkòtò ẹ̀! Ibi orúnkún laṣọ ti tán!"

Gbogbo ojú bọ́ sára orúnkún Jabez. Ilé náà tutù, orúnkún méjèèjì sì ń lu ara wọn. Ìyá àgbà kan ní iwájú pòṣé àánú, ó ṣí ìborùn rẹ̀, ó ní kí wọ́n bá òun fi bo ẹsẹ̀ ọmọ ọlọ́mọ.

"Mélòó tiẹ̀ ni wọ́n ládùúgbò yìí?" Vincent bèèrè.

"Wọ́n pọ̀ débi pé ẹ ò lè rí wọn."

Vincent kọ ọ́ sílẹ̀. Ó wo orúnkún yẹn lẹ́ẹ̀kan sí i, ó tún kọ nǹkan. Marleny rí báírò tó ń lọ, ojú rẹ̀ rọ. Mìsítúrà di ọwọ́ rẹ̀ mú.

Bí Ọ̀mọ̀wé bá jókòó nígbà yẹn, kọ́kọ́rọ́ ti di tirẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tí ìyìn ń pa bí òùngbẹ, tó bá mu odò tán, yóò tún fẹ́ lá ìsàlẹ̀ rẹ̀. Ó ti lọ ṣe ife ẹ̀yẹ onígíláàsì kan sílẹ̀ fún ara rẹ̀. Wọ́n fín in sí i lára pé: *Sí Bàbá Wa Kóyọ̀dé, Láti Ọwọ́ Gbogbo Bàmúdà.* Ṣé inú báàgì ni yóò gbé e padà lọ ni?

"Alága fẹ́ fún mi ní nǹkan kékeré kan," ló wí. "N ò mọ ohun tó jẹ́ o."

Jabez dìde. Ó rántí gbogbo ohun tí wọ́n kọ́ ọ.

"Kóyọ̀dé," ló wí.

Ìpéǹpéjú Ọ̀mọ̀wé kan ta pọ́ún.

"Kóyọ̀dé, gbogbo Bermuda ń kí ẹ. O gbìyànjú, mate."

Iṣan yọ lọ́rùn Ọ̀mọ̀wé. Ó rọ́jú. Ó rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà sì dún bí ilẹ̀kùn tí kò lépo.

Òtútù wá mú Jabez sí i. Ó ki ọwọ́ ọ̀tún bọ àpò ṣòkòtò pupa. Ó fi ọwọ́ òsì gbé ife ẹ̀yẹ, ó nà án sí ọkọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀.

Ẹ̀yin tí wọ́n tọ́ dáadáa, ẹ ti mọ ohun tó ṣẹlẹ̀.

"Ọwọ́ òsì!" Yorùbá ló bọ́ sí, ariwo náà sì mi gíláàsì fèrèsé. "Jabez! Èmi lò ń nawọ́ òsì sí? O tún ki ọ̀tún bàpò! Èmi tí mo fẹ́ ẹ̀gbọ́n ẹ nílé yín ní Kennington! Èmi tí mo jókòó níbẹ̀ tí ìyá ẹ ń na ọwọ́ yẹn!"

Gbogbo Bàmúdà kúrò lára Jabez lẹ́ẹ̀kan náà. Ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja, pẹ̀lú kóòtù, pẹ̀lú táì, pẹ̀lú orúnkún lásán lórí sìmẹ́ńtì.

"Brother, ẹ jọ̀ọ́ sà! Ẹ̀yin lẹ ní kí n má kí yín! Ẹ promise pé ẹ ò ní bínú!"

Mìsítúrà ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀.

"Subuhanallahi! Wọ́n ń dọ̀bálẹ̀ ní Bàmúdà!"

Ẹ̀rín bú. Vincent ń wo ọ̀tún, ó ń wo òsì. "Kí ló sọ? Kí ló sọ?"

Mìsítúrà fi ojú líle túmọ̀ rẹ̀ fún un: "Ó ní Alága Bàmúdà kò mọ ọ̀wọ̀. Ó ní àbúrò ìyàwó òun ni. Ìyá Alága ń gbé ní Kennington." Ó wá yíjú sí pèpéle. "Àti ẹ̀yin náà, Ọ̀mọ̀wé, ṣé àna lẹ ń jágbe mọ́ báyìí? Wọ́n fún yín níyàwó, ẹ ò tún bọ̀wọ̀ fún wọn. Ẹ dọ̀bálẹ̀ tì í, ààyè ṣì wà nílẹ̀."

"Àṣà ló papọ̀," Ọ̀mọ̀wé ń wí, òógùn bò ó. "Ìwádìí fi hàn pé ìbátan ni Yorùbá àti Bàmúdà..."

Ọ̀dọ́bìnrin kan dìde lẹ́yìn, láàárín àwọn obìnrin Marleny.

"Ẹ káalẹ́ o, gbogbo ilé," ló kọ́kọ́ wí ní Gẹ̀ẹ́sì. Ó dúró títí ilé fi dá a lóhùn kó tó fi kún un. Àwọn àgbà mi orí síra wọn: wọ́n kọ́ èyí nílé.

"Zoe ni mò ń jẹ́. Mò ń kọ́ àwọn ọmọ ní Gẹ̀ẹ́sì níbí lọ́jọ́ Satide. Bàmúdà ni wọ́n bí mi sí. Ẹ jọ̀ọ́, Ọ̀mọ̀wé, kí ni orúkọ olú ìlú wa?"

"Ẹ jẹ́ ká má gbé òṣèlú wọ̀ ọ́," Ọ̀mọ̀wé dáhùn.

"Ṣòkòtò yẹn," Zoe wí, "òun làwọn ọ̀gá báńkì ń wọ̀ lọ síbi iṣẹ́ nílé wa. Tálákà wà lọ́dọ̀ wa bó ṣe wà níbi gbogbo, ṣùgbọ́n wọn ò rán yín. Àwa díẹ̀ tá a wà ní London, a dúpẹ́. Àwọn tó nílò ilé yìí ló jókòó tì mí yìí."

Vincent fa ìlà gbọọrọ lórí gbogbo ohun tó ti kọ. Ó bá àwọn tó bá a wá sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́. Wọn kò pẹ́. Ó mú kọ́kọ́rọ́ Shiloh jáde lápò, ó gbé e fún Marleny. Marleny fi ọwọ́ méjèèjì gbà á, bí Mìsítúrà ṣe kọ́ ọ pé wọ́n ń gba ohun tó níyì.

Ṣé ẹ rò pé wọ́n bú Kóyọ̀dé lẹ́yìn ìyẹn? Rárá o. Peckham mọ ọ̀wọ̀. Láti ọjọ́ náà, kò sí ẹni tó pàdé rẹ̀ tí kò kí i, bí wọ́n bá sì fẹ́ fún un ní nǹkan, ọwọ́ òsì ni.

Ó lọ gba aṣọ tó rán lọ́dọ̀ Mìsítúrà. Ṣọ́ọ̀bù kún. Mìsítúrà kúnlẹ̀ dáadáa.

"Ẹ káàsán o, Olórí Bàmúdà. Aṣọ yín ti ṣe tán." Ó fi ọwọ́ òsì nà án sí i. "Ẹ má bínú sà, abẹ́rẹ́ wà lọ́tùn-ún."

Ọ̀mọ̀wé kò kọ́kọ́ gbà á. Ó ń wo ṣòkòtò tó yọ létí rẹ̀.

"Mìsítúrà, kí ló dé tó mọ síbi orúnkún?"

"Ibẹ̀ náà laṣọ ti tán, sà."

Ó wo ọwọ́ òsì yẹn. Ó wo èrò. Ẹnikẹ́ni kò rẹ́rìn-ín. Wọ́n kàn ń dúró.

Kóyọ̀dé fi ọwọ́ méjèèjì gbà á.