Sídì Tó Ń Sọ Ọmọ Lórúkọ

Ẹjọ́ tó dé ààfin Baálẹ̀ wa lánàá, sídì ló dá a sílẹ̀. Èmi ni akọ̀wé ààfin. Mo ti kọ ẹjọ́ ewúrẹ́, mo ti kọ ẹjọ́ ọ̀gbàrà, ṣùgbọ́n n kò kọ ẹjọ́ sídì rí. Mo ṣí ojú ìwé tuntun fún un, ìwé sì wọ́n.

Hamdalah ló pe ẹjọ́. Ó wà ní ọdún tó kẹ́yìn ní kọ́lẹ́ẹ̀jì iṣẹ́ àgbẹ̀. Ó gbé láptọ́ọ̀pù rẹ̀ mọ́ àyà.

"Kí Baálẹ̀ pẹ́. Láti ọjọ́ Ajé ni kọ̀ǹpútà mi ò ti gbéra mọ́. Pírójẹ́ẹ̀tì mi wà nínú ẹ̀. Ọjọ́rú tó ń bọ̀ ni wọ́n máa gbà á. Tí mi ò bá rí i fún wọn, mo máa tún ọdún kan ṣe."

"Kí ló wà nínú pírójẹ́ẹ̀tì ọ̀hún?"

"Ìgbín ni, Baba. Oṣù mẹ́jọ ni mo fi sìn wọ́n, tí mo ń kà wọ́n, tí mo ń wọ̀n wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan."

"Lọ tún wọn kà."

"A ti jẹ wọ́n, Baba."

Baálẹ̀ mi orí. Ẹlẹ́rìí tó ti di ọbẹ̀ kò ṣeé pè.

"Mo gbé kọ̀ǹpútà lọ bá Bọ̀dá Ràímì tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe ní Ìkọ̀tún. Wọ́n ní àwọn máa ṣe sídì kan tí kọ̀ǹpútà lè tara ẹ̀ jí. Wọ́n ní irinṣẹ́ méjì ló máa wà nínú ẹ̀. Ìkan á tún ohun tó bàjẹ́ ṣe, ìkan á kó fáìlì mi jáde ká tó fọwọ́ kan nǹkankan. Màámi ló lọ bá mi gbà á. Mo fi sídì sí i. Kọ̀ǹpútà jí, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ọmọ lórúkọ."

"Ta ló ń sọ ọmọ lórúkọ?"

"Kọ̀ǹpútà, Baba."

Baálẹ̀ ní kí wọ́n tan jẹnẹrétọ̀. Hamdalah ki sídì bọ̀ ọ́. Lóòótọ́ ni: àwọn àgbàlagbà jókòó yí ọmọ ọwọ́ kan ká, wọ́n ń fi oyin kàn án lẹ́nu. Àwọn ìjòyè wò ó fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá, wọ́n ń ṣe àmín, kí ẹnikẹ́ni tó rántí pé ẹjọ́ la wá gbọ́. Inú bí mi díẹ̀.

"Ràímì, ṣé ìwọ lo ṣe sídì yìí?"

"Èmi ni, Baba."

"Ọmọ ta nìyí?"

"Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ni. Ó ti pé ọdún mẹ́rin báyìí. Ó ń kí yín."

"Kí ni ọmọ náà wá ṣe nínú sídì Hamdalah?"

"Èènì ni, Baba."

"Ṣé wọ́n ń fi èènì sí sídì ni?"

"Wọn kì í fi sí i. Ìyá Hamdalah ló bèèrè."

Mọ̀dínátù, ìyá Hamdalah, tó ń ta gàrí ní Abúlé Ẹ̀gbá, dìde. "Irọ́ ló ń pa. Mi ò bèèrè nǹkankan."

"Ìyá, ẹ ní kí n fi èènì sí i, kí n tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀."

"Ṣé ìyẹn náà ni kéèyàn bèèrè? Mo kàn rán ẹ létí ni."

Ràímì ní òun ní ẹlẹ́rìí. Báyọ̀dé ni, tó ń gẹ irun ní ṣọ́ọ̀bù tó kángun sí tirẹ̀.

"Ojú mi ni gbogbo ẹ̀ ṣe, Baba."

"Kí lo rí?"

"Mi ò rí nǹkankan, mò ń gẹrun lọ́wọ́. Àmọ́ mo gbọ́."

"Kí lo gbọ́?"

"Klípà ló ń pariwo. Ṣá, Ìyá jàre."

"Ràímì lo wá jẹ́rìí fún."

"Ràímì náà jàre."

Baálẹ̀ ní kó jókòó. Mo fa igi lé orúkọ rẹ̀.

"Ràímì, báwo ni èènì ṣe wọlé?"

"Sídì ti kún, Baba. Mo sọ fún Ìyá pé kò sáyè mọ́. Wọ́n ní kóńgò gàrí náà máa ń kún, ó ṣì máa ń gba èènì. Wọn ò kúrò ní ṣọ́ọ̀bù. Fídíò yẹn ló wà nítòsí. Kó lè ráyè, mo yọ irinṣẹ́ tó tóbi jù."

"Èwo ló tóbi jù?"

"Èyí tó ń kó fáìlì jáde."

Hamdalah yíjú sí ìyá rẹ̀.

"Màámi, ṣé ẹ̀yin lẹ ní kí wọ́n yọ ọ́?"

"Mo rò pé mò ń gbà á kún un fún ẹ ni. Ọdún mẹ́tàdínlógún tí mo ti ń ta gàrí, mi ò rí ẹni tí èènì pa lára rí."

Kò lè wo ojú ọmọ rẹ̀. Àánú rẹ̀ ṣe mí gan-an, ṣùgbọ́n wọn kì í kọ àánú sínú ìwé ẹjọ́.

Baálẹ̀ bi Ràímì bóyá iṣẹ́ Hamdalah ṣì wà nínú kọ̀ǹpútà. Ó ní ó wà, nítorí ẹnikẹ́ni kò tíì fọwọ́ kan nǹkankan.

"Jókòó síbẹ̀ yẹn. Ṣe sídì mìíràn. Irinṣẹ́ nìkan ni kó wà nínú ẹ̀."

Ó ṣe é lójú gbogbo wa. Fáìlì jáde. Hamdalah kà á láti òkè délẹ̀, ó sì bú sẹ́kún.

"Kí ni ìwádìí rẹ sọ?" Baálẹ̀ bi í.

Ó nu ojú. "Ó ní tí ìgbín bá ti pọ̀ jù nínú àpótí, wọn kì í dàgbà, Baba. Kíkú ni wọ́n ń kú."

"Ọmọ yìí ti mọ ìdájọ́ kó tó wá," ni Baálẹ̀ wí. Wọ́n wá tún agbádá ṣe.

"Ràímì, fún oṣù mẹ́ta, ọ̀dọ̀ Ìyá Hamdalah ni wàá ti máa ra gàrí. Wọ́n á wọn kóńgò kan, wọ́n á fi èènì lé e, wọ́n á da gàrí padà sínú àpò, wọ́n á fún ọ ní èènì nìkan."

"Baba, mi kì í mu gàrí."

"Òní lo máa bẹ̀rẹ̀. Ìyá Hamdalah, ẹ gba ìsọmọlórúkọ ní èènì, ẹ sì ti wò ó. Ẹni tó bá débẹ̀ kì í ṣàì fún ọmọ lórúkọ. Ẹ óò gbé ẹ̀bùn lọ bá ọmọ náà, ẹ óò sì sọ ọ́ lórúkọ."

"Baba, wọ́n ní ó ti pé ọdún mẹ́rin."

"Ẹ pẹ́ dé ni."

Mọ̀dínátù ronú díẹ̀. "Mo sọ ọ́ ní Abdulganiyy."

Mo kọ ọ́ sílẹ̀.

"Ẹ bá mi fi Ọláṣùpọ̀ sí i."

Mo kọ ìyẹn náà. Baálẹ̀ wò mí. Mo pa Ọláṣùpọ̀ rẹ́.