Ẹni Tó Ní Ká Gbé E Wọlé

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ jókòó yìí, ṣé ẹ mọ ìdí tí àwọn àgbà Òkè-Osùn fi máa ń pa á lówe pé, "Ẹni tó ní ká gbé e wọlé, kó dárúkọ onílé"? Ẹ rò pé ọ̀rọ̀ ẹrù ni, àbí? Ọ̀rọ̀ bọ́ọ̀lù ni. Ẹ sún mọ́ mi.

Lagilagi kan wà ní Òkè-Osùn tó ń jẹ́ Fátúróti. Apá rẹ̀ le, ẹsẹ̀ rẹ̀ sì yá bíi ti ẹtu. Ohun kan ṣoṣo tí wọ́n fi ń ṣe yẹ̀yẹ́ rẹ̀ ni pé bí o bá ṣe rán an níṣẹ́ gẹ́lẹ́ ni yóò ṣe jẹ́ ẹ. Mosúnmọ́lá ìyàwó rẹ̀ ní kó bá òun wo ọbẹ̀ tó wà lórí iná nígbà kan. Ó jókòó tì í, ó ń wò ó, títí ọbẹ̀ fi jóná.

Lọ́dún tí mò ń wí yìí, Òkè-Osùn àti Ìdí-Apá fẹ́ gbá bọ́ọ̀lù. Àdéhùn wọn ni pé ìlú tí wọ́n bá nà ni yóò gúnyán fún ìlú kejì, tọmọdé tàgbà. Ọ̀dá sì ti ba iṣu Òkè-Osùn jẹ́. Èyí tó kù lọ́wọ́ wọn kò ju èbù lọ. Bí wọ́n bá pàdánù, ohun tí wọn yóò gbìn ni wọn yóò gún.

Bí eré ṣe fẹ́ bẹ̀rẹ̀, inú rírun dá ọ̀kan nínú àwọn agbábọ́ọ̀lù wọn dùbúlẹ̀. Tíṣà Adéṣuyì, tó ń kọ́ wọn ní bọ́ọ̀lù, wo ọ̀tún, ó wo òsì, ó rí Fátúróti tó ń ti oko igi bọ̀ pẹ̀lú àáké léjìká.

"Fátúróti, wá bọ́ sí pápá."

"Tíṣà, n ò gbá bọ́ọ̀lù rí o."

"Kò le. Tó bá ti dé ọ̀dọ̀ rẹ, má jẹ̀ẹ́ kí wọ́n gbà á lọ́wọ́ rẹ. Ohun tí ará ìlú bá ń pariwo pé kí o ṣe, òun ni kí o ṣe."

Ó pẹ́ tí Fátúróti fi dúró bí igi láàárín pápá. Nígbà tó yá, bọ́ọ̀lù yí gbirigbiri wá sẹ́sẹ̀ rẹ̀. Gbogbo Òkè-Osùn dìde lẹ́ẹ̀kan náà: "Gbé e wọlé! Gbé e wọlé!"

Orí rẹ̀ wú. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí i, gbogbo ìlú kò pawọ́ pọ̀ bẹ̀ ẹ́ níṣẹ́ rí. Ó bẹ̀rẹ̀, ó gbé bọ́ọ̀lù, ó há a sí abíyá, ó sì kọrí sílé. Ó gba ẹ̀gbẹ́ òpó gòólù kọjá, kò tilẹ̀ wò ó. Rẹfirí ń fun fèrè tẹ̀lé e. Fátúróti rò pé wọ́n ń fi fèrè yẹ́ òun sí ni, ó bá tún tẹra mọ́ eré. Àwọn agbábọ́ọ̀lù ń lé e, ará ìlú ń lé agbábọ́ọ̀lù, ajá ń lé ará ìlú.

Mosúnmọ́lá ń ṣa ẹ̀wà lẹ́nu ọ̀nà nígbà tó já wọlé.

"Kí lẹ gbé bọ̀ yẹn?"

"Bọ́ọ̀lù ni. Wọ́n ní kí n gbé e wọlé."

"Ta ló ní bẹ́ẹ̀?"

"Gbogbo ìlú."

Mosúnmọ́lá ronú díẹ̀. Ohun tí gbogbo ìlú bá fi síni níkàáwọ́, kì í ṣe ohun à ń fi ṣeré. Ó fi àgò adìyẹ dé bọ́ọ̀lù mọ́lẹ̀, ó mú ọmọ orógùn, ó dúró tì í.

Rẹfirí dé, ó ń mí hẹlẹ. "Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbé bọ́ọ̀lù wa fún wa."

"Ẹ̀yin nìkan kọ́ lẹ ní ká gbà á," ni Mosúnmọ́lá wí. Àfìgbà tí gbogbo ìlú kún àgbàlá, tí wọ́n ń bẹ̀ ẹ́, kó tó ṣí àgò.

Tíṣà Adéṣuyì di orí mú. "Fátúróti, òpó méjì tó wà ní pápá yẹn là ń pè nílé. Ẹsẹ̀ ni wàá sì fi gbá a wọ ibẹ̀, má fọwọ́ kàn án mọ́."

"Ilé tí kò lórùlé? Ṣé ẹnì kan ń gbé ibẹ̀ ni?"

"Aṣọ́lé wà níbẹ̀."

Èyí yé Fátúróti. Ilé tó bá ti ní aṣọ́lé, ilé gidi ni.

Wọ́n padà sí pápá, bọ́ọ̀lù sì tún dé ẹsẹ̀ rẹ̀. "Gbé e wọlé!" Ó wo iwájú, ó rí òpó méjì. Ó wo ẹ̀yìn, ó rí òpó méjì. Aṣọ́lé tó wà níwájú, kò mọ̀ ọ́n rí, ojú onítọ̀hún sì le koko. Èyí tó wà lẹ́yìn, Oyèéwùmí ará àdúgbò rẹ̀ ni. Ta ni yóò gbé ẹrù ilé rẹ̀ lọ sílé ẹni tí kò mọ̀? Ó yí padà, ó sì fi gbogbo agbára tó fi ń la igi gbá a. Oyèéwùmí ṣẹ̀ṣẹ̀ ń juwọ́ sí ọ̀rẹ́ rẹ̀ ni nígbà tí bọ́ọ̀lù fò kọjá létí rẹ̀, ó di inú àwọ̀n.

Ìdí-Apá bẹ̀rẹ̀ sí jó. Fátúróti náà gbọ́wọ́ sókè, ó ń retí ìyìn. Ará ìlú rẹ̀ káwọ́ lérí. Tíṣà Adéṣuyì jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Díẹ̀díẹ̀ ni ọwọ́ Fátúróti ń sọ̀ kalẹ̀.

"Ṣé ilé náà kọ́ nìyẹn ni?" Ó bi Tíṣà.

Àwọn kan ti ń já pàṣán nígbà tí Ìyá Ṣóbándé, tó dàgbà jù ní Òkè-Osùn, dìde lórí àpótí rẹ̀. "Ẹ fi í sílẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mejì lẹ rán an, ẹ̀ẹ̀mejì ló jẹ́ iṣẹ́ yín. Ẹni tó ní ká gbé e wọlé, kó dárúkọ onílé." Ó kọjú sí Fátúróti. "Ọmọ mi, ilé Ìdí-Apá ni wọ́n ń wí."

"Ẹ ṣeun, Màmá. Ohun tí wọn ì bá ti sọ láti àárọ̀ nìyẹn."

Ó kù díẹ̀ kí eré parí ni bọ́ọ̀lù tún kàn án. "Gbé e wọlé!" Lọ́tẹ̀ yìí, kò mira. Ó gbẹ́sẹ̀ lé bọ́ọ̀lù, ó bojú wo gbogbo ìlú, ó ní, "Ilé ta ni?"

Wọ́n dáhùn, ilẹ̀ sì mì: "Ilé wọn!"

Nígbà náà ló gbá a, ó sì sáré tẹ̀ lé e. Bọ́ọ̀lù wọlé, Fátúróti wọlé, aṣọ́lé Ìdí-Apá wọlé, òpó kan sì tẹ̀lé wọn wọlé. Rẹfirí wo àwókù náà títí, ó ní gòólù ni.

Ọ̀mì ni wọ́n ta. Kò sẹ́ni tó gúnyán fẹ́nì kan, èbù Òkè-Osùn sì rí ilẹ̀ wọ̀. Títí dòní, tẹ́ ẹ bá dé pápá wọn, apá kan á ké pé, "Gbé e wọlé!" Apá kejì á ní, "Ilé ta ni?" Gbogbo wọn á wá da ohùn pọ̀: "Ilé wọn!" Àlejò á rò pé ariwo lásán ni.

Nítorí náà, bí ọ̀gá yín bá fi àbọ̀ ọ̀rọ̀ rán yín níṣẹ́, tí iṣẹ́ ọ̀hún wá wọ́, tó ń bínú, ẹ má bá a jà. Ẹ kúnlẹ̀ fún un dáadáa, kẹ́ ẹ rọra sọ fún un pé ẹni tó ní ká gbé e wọlé, kó dárúkọ onílé.