Ààrò Tó Tọ́ Kapiton Dàgbà

Kapiton Ignatievich, aláṣẹ ẹkùn wa, la ń pè ní Abí-níbi-mẹ́ta, ọmọ tí ìyá rẹ̀ ò sinmi ìrọbí. Nígbà tó ń wá ipò àkọ́kọ́, àárín àwọn awakùsà ni wọ́n bí i sí. Nígbà tó ń wá ìkejì, inú ọkọ̀ apẹja ni. Nígbà tó wá fẹ́ di gómìnà, inú ilé mi ni.

Ilé mi ní abúlé Zaozerye, Yefim ọkọ mi ló fi ìtí igi kọ́ ọ nígbà tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ra, ibẹ̀ náà ló sì kú sí lọ́dún tó kọjá.

“Ìyá Agafya,” ni Kapiton wí fún mi, “ilé yìí ti di ilé ìṣẹ̀ǹbáyé, ibi tí wọ́n bí mi sí. Wọ́n á fún yín ní yàrá kan nílùú.”

“Kapiton Ignatievich, ẹ ju ilé yìí lọ lọ́jọ́ orí.”

“Ẹni ńlá kì í bá ilé ṣẹgbẹ́, Ìyá. Ẹ máa di ẹrù yín.”

Mo di í. Àwọn èèyàn rẹ̀ gbé bẹ́ẹ̀dì ọkọ mi síta, wọ́n gbé ibùsùn ọmọ ọwọ́ wọlé. Wọ́n ra bàtà tuntun, wọ́n fi abẹ ya á, wọ́n ní ìyẹn ni Kapiton wọ̀ nígbà ìṣẹ́.

Lọ́jọ́ tí wọ́n fẹ́ ṣí ilé ìṣẹ̀ǹbáyé náà, bàbá kan ti Mọ́sìkò, olú-ìlú wa, wá, ẹni tí yóò sọ ẹni tó máa jẹ gómìnà. A fi búrẹ́dì àti iyọ̀ pàdé rẹ̀ nínú yìnyín, bí a ti ń kí àlejò pàtàkì, gbogbo wa sì rọ́ wọlé síbi ààrò bíríkì ńlá tí à ń sùn lé lórí nígbà òtútù.

“Orí ààrò yìí ni mo ń sùn ní kékeré,” ni Kapiton wí, ó ń nu omijé tí kò sí. “Èmi ni mo ń dáná sí i láràárọ̀, kí màmá mi tó jí.”

“Ẹ dá a, ká yáná,” ni àlejò wí.

Lukerya aládùúgbò mi sún mọ́ ọn, ó fẹ́ ràn án lọ́wọ́.

“Ẹ fi mí sílẹ̀, màmá,” ni Kapiton wí fún un. “Ta ní ń kọ́ ẹja ní odò wíwẹ̀?”

Lukerya padà sẹ́yìn. Gbogbo wa gbójú sókè, a ń wo irin pẹlẹbẹ tó dé ọ̀nà èéfín. Mo ti tì í láàárọ̀ kí ooru má baà lọ, bí gbogbo ilé ti ń ṣe. Kò sí ọmọ Zaozerye tí wọn ò tíì gbá létí nítorí irin yẹn: ṣí i kí o tó ṣáná. Kapiton nìkan ni kò gbójú sókè. Ó fi ìwé ìròyìn tí àwòrán rẹ̀ wà nínú rẹ̀ dáná.

Èéfín kọ́kọ́ yọjú bí ìyàwó tuntun. Nígbà tó yá, ó jáde bí àna tó ń bínú.

“Bó ṣe máa ń ṣe láyé ọjọ́un nìyẹn,” ni Kapiton wí, ó ń wúkọ́.

Àlejò fi fìlà bo imú. “Ta ló ń bá yín ṣí i láyé ọjọ́un?”

“Ṣí kí ni?”

Lukerya ló kọ́kọ́ bú sẹ́rìn-ín. “Ẹja ti momi yó,” ó ní. Ni gbogbo abúlé bá ń rẹ́rìn-ín, tí wọ́n ń wúkọ́ mọ́ ọn.

“Lábúlé tèmi,” ni àlejò wí bó ti ń jáde, “màlúù wa mọ̀ pé wọ́n ń ṣí i.”

Kapiton sáré tẹ̀ lé e, ojú rẹ̀ dú bí ìdí ìkòkò, ó ń ṣàlàyé fún ọkọ̀ tó ti ń lọ.

Mo na ọwọ́ sókè, mo ṣí irin náà, èéfín gba ọ̀nà rẹ̀ lọ. Àwọn ọkùnrin bá mi gbé bẹ́ẹ̀dì Yefim wọlé. Mo tú ẹrù mi.

Mo gbọ́ pé Kapiton tún ń wá ilé tí wọ́n máa bí i sí. Ẹ bá mi sọ fún un pé kó wá èyí tí kò ní ààrò.